Ọrùn Mi àti Júpítà

Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tó bá awò awọ̀nàjíjìn wá nínú páálí
kò ga ju orúnkún mi lọ.
Mo lóṣòó, mo gbé ọrùn sókè bí adìyẹ tó ń mumi,
mo wá Júpítà títí,
páànù orí ilé Ṣówándé ni mo rí.

"Bàbá, ọ̀run kọ́ ló jìnnà,
ìdúró yín ni kò dáa."
Mosúnmọ́lá ló wí bẹ́ẹ̀.
Ó yí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta wá
láti ìdí ilé tí n kò tíì parí,
ẹsẹ̀ kan, búlọ́ọ̀kù kan.
Ó fi tépù dúdú pọn tùùbù bírò sẹ́yìn awò:
ihò yẹn ni kí n kọ́kọ́ fi fojú sun ìràwọ̀.
Ó gé fóòmù yí ẹnu rẹ̀ ká,
kí irin má baà fi ọyẹ́ gún mi lójú.

Síbẹ̀, bí mo bá mí, Júpítà á fò.
Ni mo bá so gaàrí kóńgò mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀.
Ó dúró wámú.

Iná lọ ní gbogbo Ìpẹrù. N kò bú ẹnikẹ́ni.
Mo jókòó, àní mo jókòó,
lórí àpótí ìdáná, ẹ̀yìn mi gún,
mo sì rí i, róbótó,
òṣùpá mẹ́rin tò tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Lálẹ́ kejì, ó tún ń gbọ̀n.
Mo yẹ búlọ́ọ̀kù wò, mo yẹ tépù wò.
Mosúnmọ́lá kò wojú mi.
Mo gbé àpò náà: ó ti fúyẹ́.
"Bàbá, oòrùn mú lọ́sàn-án."