Akọ̀wé Ibùdókọ̀ Àtijọ́

Èmi ni mo máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò níbí
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá ní Ṣábẹ.
Irin ti dípẹtà. Koríko ti gba ọ̀nà Pàràkú.
Ẹnu fèrèsé kan náà ni mo jókòó sí lónìí,
orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń kọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ.
Ìrọ̀lẹ́ la ń ṣí i ni,
nígbà tí oòrùn bá ti bọ́ sẹ́yìn òkè,
tí ọwọ́ bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.
Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ ńlá ti fa orúkọ wọn lá,
àwọn tó lóyún ní kíláàsì kẹta,
àwọn tí oko kajú gbé lọ fún odidi oṣù mẹ́ta,
wọ́n ń bọ̀, eruku lẹ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀gá kan ti Ìdáàṣà dé,
ó fa bébà kan yọ nínú àpò.
"Ogójì ló jókòó ṣèdánwò," ó ní, "mọ́kànlá ló yege.
Kí ló ń ṣe yín gan-an níbí?"
Màdáámù Ọlọ́runfẹ́, dìrẹ́kítọ̀ wa, kì í yára fèsì.
Ó ń wo òkè
bí ẹni pé àpáta ni yóò bá a dáhùn.

Mọ́kànlá. N kò jiyàn. Mo mọ bí a ṣe ń ka èrò.
Ṣùgbọ́n, ọ̀gá, ibùdókọ̀ la wà yìí:
ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èrò rìn dé
a kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ti wọkọ̀.

Ṣàbí ń fọ́ òkúta lẹ́bàá òkè.
Nígbà tó dé, méjì nínú ogún ló gbà nínú ìṣirò,
ó ká ìwé náà, ó fi í sínú bàtà.
Lóṣù kẹfà, mẹ́sàn-án àbọ̀ ló gbà.
Mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè.
Nínú bébà yín, méjì àti mẹ́sàn-án àbọ̀,
orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Kifáyátù wà nínú mọ́kànlá yẹn.
Ẹ ò rí ọmọ rẹ̀ tó sùn sábẹ́ bẹ́ńṣì,
ẹ ò rí èmi, àgbà bí mo ṣe rí yìí,
tí mò ń fi ìwé orúkọ lé ẹ̀fọn fún un.

Bíáù ńkọ́? Bíáù ò padà wá.
Mo kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀ títí bírò fi gbẹ.
Wọ́n ní ó ń wa sẹ́mijàn ní Kútọnu.
Wọ́n ní ó ti sọdá.
N kò mọ iye tí ìyẹn jẹ́ nínú ogún.

Ká má sì parọ́ fúnra wa:
láti oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kẹta
a kò ní olùkọ́ ìṣirò.
Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára pátákó
tí a fi ń kéde àkókò ọkọ̀ láyé àtijọ́:
OLÙKỌ́ Ń BỌ̀.
Ó mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ ọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀.
Ẹ̀bi yẹn wà nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà, ọ̀gá.
Tiwa ni. Tiyín náà ni.

Ó ká bébà rẹ̀. Ó ní aago mélòó ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀?
Mo ní kó fara balẹ̀ díẹ̀.
Ilẹ̀ ń ṣú. Lọ́ọ̀ọ́kán, lójú irin,
iná tọ́ọ̀ṣì kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e,
wọ́n ń fẹsẹ̀ wá pákó ìdábùú bọ̀ nínú koríko.
Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lábẹ́ ètè.
Ó dé mẹ́tàlélógún, àwọn iná wọnú ara wọn,
ó ṣì í kà.
Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení.