Ẹsẹ̀ Bàtà Mọ́kànlá

Àlùmọ́gàjí ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún mi,
gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí mi léèékánná,
fíìmù so rọ̀ yí mi ká bí ìfun ẹran.
Ooru Culver City gba ojú fèrèsé wọlé,
ó bá èmi àti Maude Ferrick pín tábìlì kan.

Corinne Vandermeer ń sunkún.
Obìnrin náà mọ ẹkún sun, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́.
Iná mẹ́sàn-án ni wọ́n tàn sí i,
wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú kámẹ́rà
kí awọ rẹ̀ lè máa dán bí ọṣẹ tuntun.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀.
Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan gbé tíì wọlé.
Kò ṣe nǹkan kan.
Ó gbé ife kalẹ̀, ṣíbí fẹ́ yọ̀ bọ́,
ó fi ìka kan dá a dúró,
ó wá gbójú sókè díẹ̀
bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní yàrá kejì.
Ó jáde.

Mo dá fíìmù padà.
Mo tún dá a padà.
Maude yọ pẹ́ńsùlù lẹ́nu: “Ta nìyẹn?”

Idella Crouch ni ìwé owó wí,
dọ́là márùn-ún, iṣẹ́ ọjọ́ kan;
ó ti wọkọ̀ padà sí Central Avenue.

Kì í ṣe ẹwà.
Ẹwà tí mo ti gé dànù ti kún agbọ̀n.
Kì í ṣe iná; èyí tó kàn án léjìká, èèṣì ni.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, làgbà wí,
láì tíì rí àwòrán tó ń rìn tí kò lóhùn.
Bóyá torí pé kò bẹ̀ wá
pé ká wo òun ni.

Ọ̀gbẹ́ni Pruett wọlé tòun ti sìgá.
Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Òun náà rí i, mo mọ̀ pé ó rí i.
“Gé e kúrò. Ó ń jalè.”

Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá.
Mo gé e.

Ní Pasadena, lóṣù kẹta, mo sanwó wọlé bí ẹni ẹlẹ́ni.
Corinne ń sunkún, gbogbo ilé ń fọn imú.
Lójijì, ife tíì kan wà lórí tábìlì,
ooru ń rú lórí rẹ̀.
Ọmọdé kan lẹ́yìn mi ní,
“Màmá, ta ló gbé e wá?”
Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́.