Ìṣẹ́jú Kan Tó Ṣẹ́kù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀yìn àpáta Ògìdì kọjá.
Bí nǹkan bá kọ mànà sí yín lójú lágbàlá wa,
ẹ má bẹ̀rù, mànàmáná kọ́.
Àwo sátẹ́láìtì tí Arókoyọ̀ jù nù ni,
tí ẹ̀gbọ́n mi gbé sórí kẹ̀kẹ́ láti Ìyàrá,
tó lẹ dígí fífọ́ mọ́ nínú, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.
Ó lé ní irínwó. Èmi ni mo po gáàmù.
Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi.

Òtítọ́jù ni wọ́n sọ ọ́.
Kó tó kan ìṣó kan, ó ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ sínú ìwé:
ó fa ìlà, ó pa á rẹ́, ó tún un fà.
Ó ní ìtànṣán dà bí àna tó mọ̀wà hù,
igun tó gbà wọlé, irú rẹ̀ gan-an ni yóò gbà jáde.
Ó ní bí ikùn àwo bá tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀,
ibi yòówù kí ìtànṣán ti bà á,
ojú kan náà ni gbogbo wọn yóò forí lé
bí ọmọ ìyá tó gbọ́ òkú ilé.
Ibẹ̀ ni ká gbé ìkòkò kọ́.

Ojú ewé kejì, ooru ni. Ìyẹn le.
Ìmọ́lẹ̀ a máa tọ ọ̀nà tààrà, olè ni ooru:
ó ń gba etí ìdérí jáde, ó ń gba ìdí ìkòkò,
ó ń bá atẹ́gùn lọ láìdágbére,
bí irin bá sì gbóná janjan
òun fúnra rẹ̀ a máa dá ooru padà fún ọ̀run.
Gbogbo rẹ̀ ló sọ di nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé,
èyí tí lẹ́tà A rẹ̀ ti yọ.
Ó fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn:
omi lítà mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Ìyá wa kò bá a jiyàn.
Ogún ọdún ló ti fi yan gàrí nínú èéfín,
ojú rẹ̀ ti pupa kí n tó mọ̀ ọ́n.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Oṣù Ṣẹẹrẹ. A dojú àwo kọ oòrùn.
Mẹ́tàdínlógún kọjá. Omi dákẹ́.
Ọgbọ̀n kọjá, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Mọ́kànlélógójì kó tó hó.
Àwọn ọmọ àdúgbò ti bá bọ́ọ̀lù lọ.
Arókoyọ̀ ní, "Òtítọ́jù, irọ́ lo jù sílẹ̀ yìí o."
Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó tún ìṣirò ṣe títí àkùkọ fi kọ,
kò rí ibi tó ti ṣì í.

Láàárọ̀, ìyá wa rẹ etí ìró rẹ̀ sómi,
ó nu dígí kan. Ọ̀kan péré, láàárín.
Ó na aṣọ náà sí i, ó ti pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.
"Ọyẹ́ ti wọ̀lú láti ìjẹta.
Ṣé o kọ èyí síbẹ̀?"

Kò kọ ọ́.
Ìwé tó kà sọ pé dígí a máa mọ́,
kò sọ pé eruku ilẹ̀ Haúsá máa ń sọdá Ọya
wá sùn lójú dígí ní Ògìdì.

Ó fi lẹ́tà tuntun kún un, ó pè é ní ÌY.
"Kì í ṣe ìyà," ó ní. "Ìyá."
A nu irínwó dígí. Kọ̀ǹpútà ní ogún ìṣẹ́jú.
Ìkòkò ní mọ́kànlélógún.

Ìṣẹ́jú kan yẹn ló ń wá títí di òní.
Ó ní ó lè jẹ́ atẹ́gùn tó ń yí etí àpáta wá.
Ó ní ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ irin tó wọ́ díẹ̀.
Ó ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kan ní Kàbà.

Èmi mọ̀ ọ́n. N kò tíì sọ.
Gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ orí sórí ìwé,
ìyá wa á yọ́ lọ sídìí ìkòkò,
á ṣí ìdérí, á yọjú wò ó:
kò sí igi, kò sí èéfín,
omi sì ń mí.
Á rẹ́rìn-ín sínú,
á rọra dé e padà.