Nígbà Tí Afẹ́fẹ́ Kẹ́rù

Ọkọ̀ mẹ́ta la fi kúrò ní èbúté Nagu láàárọ̀ Sátidé:
ti Torsten níwájú, ó ń yan bí ọkọ ìyàwó,
ti Pirkko tẹ̀ lé e,
tèmi lẹ́yìn, àbùlẹ̀ mẹ́rin lára ìgbòkun.

Láàárín erékùṣù kejì sí ìkẹta
afẹ́fẹ́ kẹ́rù rẹ̀, kò dágbére.
Ìgbòkun so rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tí òjò pa.
Torsten tó ti ń fọ́nnu láti oṣù Kẹta
ló kọ́kọ́ wá àjẹ̀.
Kò mú un wá.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín ṣubú sómi.
Ó ju okùn sí Pirkko, Pirkko ju okùn sí mi,
èmi tí wọ́n ń pè ní ìgbín
ni mo fi àjẹ̀ méjì wọ́ wọn gúnlẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ mi bó.

Agogo mẹ́wàá alẹ́, oòrùn ṣì jókòó,
àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
A yan ẹja jẹ lórí àpáta, ẹ̀fọn ń jẹ àwa náà.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ulla,
ẹni tó rán àbùlẹ̀ kẹrin yẹn lọ́dún tó kọjá.
Ṣùgbọ́n Torsten bu kọfí sí ife mẹ́rin,
bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́ta ni.

Afẹ́fẹ́ padà dé lóru.
Kò sẹ́ni tó dìde.