Ìlà Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ a bá kú là á dère,
ṣùgbọ́n ìwọ, Fibídíù, o kú, o ò dère.
Ère pọ̀ ní Róòmù bí ihò inú afárá oyin,
kò sí ọ̀kan tí imú rẹ̀ jọ tìrẹ.

Ẹsẹ̀ lo fi ń jẹun lọ́sàn-án:
o ń tẹ aṣọ àwọn ọlọ́lá nínú ìtọ̀ tó ti kan
títí yóò fi funfun bí ẹfun.
Bílẹ̀ bá ṣú, ọwọ́ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀,
o ń fín ọ̀rọ̀ sójú pátákó tí a fi ìda kùn:
ẹrú tó gbọ́n ju olówó rẹ̀,
bàbá arúgbó tó ń yọ́ lépa omidan tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́,
ológun tí ẹnu rẹ̀ mú ju idà rẹ̀ lọ.
Rútílà aya rẹ á gbọ́ ẹ̀rín nínú òkùnkùn,
á ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"
O ní, "Àwọn èrò ọ̀la."

Ọ̀la dé.
Ìtàgé onípákó lẹ́yìn ọjà màlúù, oòrùn ń ta lágbárí,
òṣèré gbé ìbòjú wọ̀, ó la ẹnu,
màlúù kan sì já okùn.
Ó gun orí ìtàgé.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Màlúù ló ni ẹ̀rín yẹn.

Eré mẹ́rìnlá lo kọ.
Eku jẹ tirẹ̀, ọ̀rinrin jẹ tirẹ̀,
ẹlẹ́ja kan fi ìyókù pọ́n ẹja.
Ìlà kan ló kù, kì í sì í ṣe pé ó dùn:
onígírámà kan tí kì í rẹ́rìn-ín
ń wá orúkọ tí àwọn ará àtijọ́ ń pe ìgbákọ,
ó bá a lẹ́nu ẹrú rẹ, ó ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà:

"Ìgbákọ nìkan ló kù nílé, ọ̀gá;
ọbẹ̀ ti bá àlejò lọ."

Àlejò wo? Ta ló se ọbẹ̀?
A ò mọ̀.
Nínú gbọ̀ngàn Látìn, àwọn ẹni ńlá jókòó síwájú;
ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìwọ wà, o di ìgbákọ mú,
ìlà kan lójú rẹ,
òun la fi ń mọ ilé tí o ti wá.

Mo ń kọ́ni ní Látìn ní Riẹ́tì, ọdún kejìlélógún rèé.
Lánàá mo kọ ìlà rẹ sójú pátákó.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún, mẹ́jọ ń tòògbé.
Ọrúsọ́là béèrè bóyá yóò wá nínú ìdánwò.
Mo ní rárá. Ó pa ìwé rẹ̀ dé.
Ó ṣe díẹ̀,
Tasísíò bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn pátápátá.

Mi ò béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.
Ó lè jẹ́ bàtà ẹnìkan.
Ó lè jẹ́ màlúù tìrẹ náà ló tún já.
Mo bá ọ gbà á.