Ọsàn Tó Kọ̀ Tí Kò Yí

Èmi ni mo fọ́nnu, mi ò ní purọ́.
Lórí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè ni, lọ́dún tó kọjá,
tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá inú oòrùn,
tí Akínyọsóyè ń fi mí rẹ́rìn-ín,
ó ní ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ìjẹun.
Ni mo bá lu àyà:
"Ta ló sọ fún ọ? Òkè kún ilé wa!
Òkè Pópó ń bẹ, Òkè Àrìn ń bẹ,
Òkè Súnà ń bẹ.
Wá, kí n mú ọ gùn wọ́n."

Ó sì wá.
Láàárọ̀ Sátidé ló kanlẹ̀kùn mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó
(ìsàlẹ̀ sáà ni a ti ń gòkè),
okùn lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́,
iyán nínú ewé láti ọwọ́ ìyá rẹ̀,
bùláńkẹ́ẹ̀tì lábíyá, nítorí òtútù orí òkè.
Ojú tì mí débi pé mo kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé Ìjàpá jáde, Fọ́sìwágìn bàbá mi,
tí a fi wáyà de ilẹ̀kùn rẹ̀ kan,
tí í máa wúkọ́ kó tó rìn.
A dé Òkè Pópó kí tíì tó tutù.
Ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀, ó wòkè, ó wolẹ̀.
"Òkè ùlú yín dà?"
"Orí rẹ̀ lo dúró sí."
Kò bá mi jiyàn. Ó ra ọsàn kan,
ó gbé e sórí ọ̀dà, ó lóṣòó tì í.
Ọsàn ò mira.
Ó jókòó bí olówó èlé lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ wò ó:
"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọsàn yín ń ṣàìsàn ni?"

Ní Òkè Àrìn, páálí mílíìkì ga ju òrùlé lọ.
Mo ní, "Òkè kan nìyẹn."
Ó ní ti páálí kọ́ lòun wá ṣe.
Ọsàn ò yí.
Alábàárù kan ló kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ pa.

Ní Òkè Súnà a bá bàbá kan tó ń gé èékánná.
A kí i, a bèèrè òkè.
Ó ronú títí, ó ní, "Ó ga díẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé."
Ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n: kò kọjá orúnkún.
"Àbí èmi ni mo kúrú nígbà náà?"

Akínyọsóyè ká okùn rẹ̀ jọ.
Ó ní kí n gbé òun dé Ìddó, òun á wọkọ̀ lọ sílé.
Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ní agbede afárá Kátà,
níbi tí ọ̀nà ti ń dìde dìde,
Ìjàpá fa ọrùn wọlé.
Ó wúkọ́, ó dákẹ́.
Ọmọ Ìdànrè bọ́ sílẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn nímú,
ó ń fà á, èmi ń yí sítíárì,
títí a fi dé góńgó.
Ó fi òkúta dí táyà, ó gbójú sókè.

Òrùlé Ìdúmọ̀tà wà nísàlẹ̀, ó pọ́n bí àpáta,
ọkọ̀ ojú omi ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ọ̀sà.
Atẹ́gùn kan gbéra láti ojú omi,
ọ̀rẹ́ mi fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bora.
A jẹ iyán tútù, a ò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá, ó mú ọsàn jáde lápò,
ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọsàn ro ó wò.
Ó yí.
Ó tún yí.
"Ó yí o! Òkè rè é!"
Ó sáré tẹ̀lé e, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbá òkúta ìdí táyà.
Mo tẹ bíréèkì. Bíréèkì ní òun ò mọ̀ mí.
Ọsàn ló kọ́kọ́ dé Ìddó,
ọ̀rẹ́ mi tẹ̀lé e,
Ìjàpá sì kẹ́yìn, bí ìṣe rẹ̀,
èmi nínú rẹ̀, mò ń pariwo orúkọ ìyá mi.