Táìlì Onígun Márùn-ún

Ní Grenoble, lábẹ́ òkè tí yìnyín dé bí fìlà,
Apolline Vuillermoz kò tíì sùn.
Aago mẹ́ta òru. Kọfí ti tutù nini nínú ife.
Ó ń wo ilé kan tí ojú lásán kò lè rí láéláé,
ilé tó wà nínú kòkòrò
tí kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kò tó ẹyọ eruku.

Kò sí bíríkì, kò sí ọ̀rá lára ògiri rẹ̀.
Púrótéènì ni. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n so ọwọ́ pọ̀,
wọ́n di táìlì onígun mẹ́fà,
táìlì fara ti táìlì, abẹ́rẹ́ ò ráyè láàárín wọn.

Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Ògiri yìí lanu o.
Àárín táìlì ló ti lanu, ẹnu tíntín,
ẹnu tó mọ ẹni tí yóò kí káàbọ̀:
oúnjẹ, wọlé;
májèlé tí oúnjẹ ń dà kó tó di agbára, jókòó síbẹ̀,
má jáde lọ pa onílé.

Ìyẹn kọ́ ló lé oorun lójú Apolline.
Fernand, baba rẹ̀, fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ́ táìlì,
ní ilé ìdáná, ní bálùwẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Chambéry,
onígun mẹ́fà pupa, lórí orúnkún.
Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó bi í:
"Pápá, ṣé ẹ lè fi wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù?"
Baba rẹ́rìn-ín, ó nu sìmẹ́ńtì nù:
"Onígun mẹ́fà ò mọ bí a ti ń tẹ̀, ọmọ mi.
Bí mo tẹ́ ẹ dé Paris, pẹrẹsẹ náà ni."

Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n wò ó lójú ẹ̀rọ,
níbi tí ògiri mẹ́ta ti forí korí,
ọ̀kan wà níbẹ̀ tí igun rẹ̀ dín kan.
Àwọn aládùúgbò ní láti sún mọ́ ọn kí àlàfo má bàa sí;
bí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn ni ilẹ̀ ń tẹ̀,
ni ilẹ̀ ń di òrùlé.
Ó yí àwòrán náà po, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.
Méjìlá péré.
Àwọn tí kò pé ló pa ilé dé.

Baba kò sí mọ́. Orúnkún ló kọ́kọ́ kú lára rẹ̀.
Ó mú fóònù, ó tún gbé e kalẹ̀.
Ilẹ̀ ń mọ́ lórí odò Isère.
Ó fa ìwé sọ́dọ̀, kò kọ iye kankan sí i,
ó ya bọ́ọ̀lù kan, kò rí roboto,
ó kọ sábẹ́ rẹ̀:
Pápá, igun kan la máa yọ.